Ìdákẹ́jẹ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Ẹ̀kọ́ fún Kíláàsì Bíbélì ti àwọn àgbà. Kí ẹ tó wá, ẹ ka Máàkù 1:32–38, Jóòbù 2:11–13, Jòhánù 5:1–9, 2 Kọ́ríńtì 12:7–10, Jákọ́bù 5:13–16.



Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà fún àwọn aláìsàn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìbéèrè kan kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará: Èé ṣe tí a fi ń jókòó fún ìdajì wákàtí láìsọ ọ̀rọ̀ kan? Arákùnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Sábó-Gàrí bi mí láìfepo bọyọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àdúrà ni èyí àbí oorun?” Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ní Ọjọ́rú tí ó ṣáájú ọjọ́ náà, èmi gan-an ti sùn lọ, Ìyá Ìjọ ni ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò wá sí ìpàdé láti wá wo ojú wa. Ìwòsàn ni ó ń fẹ́. Bí a bá mú un jókòó láàárín wa tí a kò sì gbé ohùn sókè, ó lè rò pé ìgbàgbọ́ wa kò tó, tàbí pé ọ̀rọ̀ òun kò dùn wá. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ìdí ohun tí à ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ méjì. Àwa tí a ń gbé Zaria mọ̀ pé àwọn Hausa aládùúgbò wa a máa wí pé addu'a. Ìbátan ọ̀rọ̀ yìí ni àdúrà tiwa. Inú èdè Lárúbáwá ni méjèèjì ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pípè, kí ènìyàn ké pe ẹni tí ó lè gbà á. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá rò pé àdúrà gbọ́dọ̀ ní ohùn kò ṣìnà. Ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì ni àṣàrò. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú wọn, lò ó nínú Sáàmù kìn-ínní fún ohun tí ẹni ìbùkún ń fi òfin Olúwa ṣe. Ẹni tí ń ṣàṣàrò kì í ké pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, ó ń gbọ́. Àwa Yorùbá mọ àdúrà dáadáa. Àṣàrò ni a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ohun tí à ń gbìyànjú ní Ọjọ́rú ni láti so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo bí Olúwa wa ti so wọ́n pọ̀ nínú Máàkù orí kìn-ínní. Ní àṣálẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, gbogbo ìlú kó àwọn aláìsàn wọn wá sí ẹnu ọ̀nà, ó sì wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ sàn. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó dìde, ó lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn láti gbàdúrà. Nígbà tí Símónì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, ìròyìn tí wọ́n mú wá ni pé gbogbo ènìyàn ń wá a. Ẹni tí ó bá ní ìsọ̀ nínú ọjà yóò mọ ohun tí èyí jẹ́: oníbàárà ti kún ẹnu ọ̀nà, ọlọ́jà kò sí nílé! Síbẹ̀ kò padà. Ó ní kí àwọn lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka ibí yìí kí n tó ṣàkíyèsí pé ìwòsàn ti alẹ́ àti ìdákẹ́jẹ́ ti ìdájí wà nínú ìtàn kan náà. Lúùkù náà so wọ́n pọ̀ ní orí 5, ẹsẹ 15 àti 16. Bí èrò ti ń pọ̀ tó fún ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni Olúwa ń yẹra lọ sí aginjù tó.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta. A ti bú wọn púpọ̀ lórí àga ìwàásù, wọ́n sì yẹ ní bíbú. Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbàgbé bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n sọkún, wọ́n fa aṣọ wọn ya, wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje tọ̀sán tòru, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ ọkùnrin náà pọ̀. Ọjọ́ méje yẹn ni iṣẹ́ rere tí wọ́n ṣe. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fa àìsàn, ni wọ́n ba nǹkan jẹ́, títí tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi bínú sí wọn ní orí 42.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin, tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti bá mi ṣòwò níhìn-ín, dùbúlẹ̀ àìsàn kíndìnrín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò ní ilé ìwòsàn kan. Ní ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ẹgbẹ́ àdúrà kan wá bá a, èmi ni mo pè wọ́n. Wọ́n gbàdúrà kíkankíkan, tí àwọn aláìsàn yòókù nínú wọ́ọ̀dù fi bo orí, tí nọ́ọ̀sì fi wá bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, aṣáájú wọn bèèrè níwájú gbogbo ènìyàn pé ta ni nínú ẹbí wa tí ó fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́ tí ó ń dí ìwòsàn lọ́wọ́. Àbúrò mi kò dáhùn. Ó kàn yí ojú sí ògiri.

Ní ọjọ́ kejì ni Mama kan nínú ìjọ wa wá, arúgbó tí ó ń ta ògì, tí kò tilẹ̀ lè ka Bíbélì. Ó kí i, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó pa ojú dé. Ó tó wákàtí kan kí ó tó dìde. Ohun tí ó sọ nígbà tí ó ń lọ kò ju pé, “Olúwa wà níhìn-ín, ọmọ mi.” Ní alẹ́ ọjọ́ náà àbúrò mi wí fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí Mama jókòó yẹn, mo tún rántí bí a ti ń gbàdúrà. Àwọn ti àná, orí mi ni wọ́n ń gbàdúrà lé bí ẹni pé èmi ni ẹ̀mí àìmọ́ náà.” Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ó kú. Níbi ìsìnkú, ẹnìkan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ wí fún mi pé bí ìgbàgbọ́ mi bá pé ni, kì bá tí kú. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri fún ọdún méjì gbáko. Ẹ kò lè mọ bí ó ti wúwo tó bí ẹ kò bá tíì gbé irú rẹ̀ rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀kọ́ mi na àwọn Aládùúrà o. Bátíméù afọ́jú kígbe lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn tí ó ní kí ó pa ẹnu mọ́ ni wọ́n ṣẹ̀. Àti pé bí àwọn baba wa ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìwòsàn yìí ní ìtàn ńlá tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tí a bí sí Òkè-Ọya mọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlúẹ́ńsà bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó. Ọkọ̀ ojú irin, tí ó gbé ọ̀pọ̀ àwọn baba wa wá sí Zaria, ni ó gbé àrùn náà pẹ̀lú wá sí Òkè-Ọya. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà tó ìdajì mílíọ̀nù láàárín oṣù díẹ̀. Kò sí oògùn kankan nígbà náà tí ó kápá rẹ̀, ì báà ṣe ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour, àwọn ènìyàn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà lábẹ́ Joseph Shadare. Ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, tí àrùn náà ti dá wólẹ̀, dìde, ó sì ń kéde pé kí a fi àdúrà àti omi òjò tọ́jú àwọn aláìsàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní ọdún 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, nítorí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi àwọn ọmọ ọwọ́ àti nítorí pé wọ́n kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́ nípa ìwé kíkọ. Ẹ̀kọ́ náà sì tàn ká ọwọ́ àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, irú àwa tí à ń ka ìwé yìí.

Ní ọdún 1925 ní Èkó, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Abiodun Akinsowon wà nínú ojúran tí kò jí, a sì ránṣẹ́ pe Moses Orimolade wá gbàdúrà fún un. Nípa rẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù fi bẹ̀rẹ̀. Orimolade yìí, ọmọ Ìkàrẹ́, kò lè rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìgbà èwe rẹ̀. Ìtàn tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń sọ ni pé nígbà tí ó tilẹ̀ dìde, ó ń tiro síbẹ̀. Ẹ ronú sí i: ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tọ̀ lọ fún ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ ń tiro. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n wàásù lórí ẹsẹ̀ Orimolade rí.

Ọdún 1928 ni Joseph Ayo Babalola, tí ó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ títì fún ìjọba, gbọ́ ìpè tirẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà. Ogunlọ́gọ̀ ń gbé ìkòkò omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Ní ọdún 1931, àwọn òyìnbó ìjọ Àpọ́sítélì ti Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tí ó tú àwọn méjèèjì ká láàárín ọdún mẹ́wàá: kúníìnì. Àwọn òyìnbó náà ń lo kúníìnì nítorí ibà. Àwọn aṣáájú wa ní, ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù pé Jésù ń wò sàn, kí ni oògùn ń ṣe nínú àpótí yín? Ìyapa dé ní nǹkan bí ọdún 1939 sí 1940, láti ibẹ̀ ni ìjọ tí à ń pè ní CAC sì ti jáde.

Èrò ti èmi ni pé ìhà méjèèjì ní ohun tí wọ́n rí. Àwọn baba wa ti rí ọdún 1918, nígbà tí dókítà àti oníṣègùn jùmọ̀ ká ọwọ́ gbera. Wọ́n tún mọ̀ pé nílé wa, ẹni tí ó bá ní òun ń lo àgbo lè bá ara rẹ̀ níwájú ojúbọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Odi ni wọ́n mọ, kì í ṣe òpè ni wọ́n. Ṣùgbọ́n odi tí a mọ nítorí ọ̀tá kan lè wá dí ojú ọ̀nà odò. Kúníìnì ń pa ibà ní ọdún 1939. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ tí ó sì sìnkú ọmọ rẹ̀, ẹkún tí ó sun kì í ṣe ẹkún kékeré.

Èyí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan. Ará wa kan, tí ó fún mi láṣẹ kí n kọ èyí láì dárúkọ rẹ̀, ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní TB. Ìtọ́jú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é, oṣù mẹ́fà ni: oògùn mẹ́rin papọ̀ fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà méjì nínú wọn fún oṣù mẹ́rin. Ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ibùdó ìjọba. Lẹ́yìn oṣù méjì, ikọ́ rẹ̀ dá, ó sanra, ó jẹ́rìí nínú ìjọ, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn, ẹnìkan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé bí ó bá tún ń gbé oògùn mì lẹ́yìn ẹ̀rí, ẹ̀rí náà ti di irọ́. Ó da oògùn náà nù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ikọ́ padà, ẹ̀jẹ̀ sì bá a jáde. Ó ti padà sẹ́nu ìtọ́jú báyìí, àwọn dókítà sì ń bẹ̀rù pé kòkòrò tí ó ṣẹ́kù lè ti mọ oògùn náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ti máa ń rí bí a bá já ìtọ́jú rẹ̀ sí ọ̀nà. Ẹ̀yin ará, nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi, ojú tì mí. Nínú ìjọ wa ni a ti fún un ní ìmọ̀ràn yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì bi í léèrè nípa oògùn rẹ̀, nítorí a ti pàtẹ́wọ́ tán.

Bíbélì kò bá oògùn ṣe ọ̀tá. Nígbà tí Hesekáyà ọba ń ṣàìsàn dé ojú ikú, ó yí ojú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sọkún. Olúwa gbọ́. Síbẹ̀ Aísáyà wòlíì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n sì fi í sí ojú oówo náà (2 Àwọn Ọba 20:7). Pọ́ọ̀lù gba Tímótì nímọ̀ràn nípa ikùn rẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 5, ẹsẹ 23. Ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn (2 Tímótì 4:20). Oníṣègùn ni ó sì ń bá a rìn, Lúùkù olùfẹ́. Ẹ̀gún inú ara òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó bẹ Olúwa. Ẹ ka ìdáhùn tí ó gbà nínú Bíbélì yín, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù ni kò pé.

Àdúrà ìdákẹ́jẹ́ yìí kì í ṣe nǹkan àjèjì tí òyìnbó gbé wá fún wa. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, ní aginjù Íjíbítì. Antony, tí a bí ní nǹkan bí ọdún 251, ta ohun tí ó ní, ó sì lọ dá gbé nínú aginjù. Ó kú ní ọdún 356. Athanasius, Bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ ìtàn ìgbé ayé rẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí nínú ìwé náà ni bí Antony ti ń ṣe sí àwọn aláìsàn. Ó ń bá wọn kẹ́dùn, ó sì ń bá wọn gbàdúrà. Ìgbà mìíràn Olúwa a gbọ́ ọ, ìgbà mìíràn kì í rí bí wọ́n ti fẹ́. Nígbà tí ó bá gbọ́, Antony kì í fọ́nnu. Nígbà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kì í kùn. Ó ń rán aláìsàn létí pé ìwòsàn kì í ṣe ti òun tàbí ti ènìyàn kankan, ti Ọlọ́run nìkan ni, ẹni tí ń ṣe é nígbà tí ó wù ú fún ẹni tí ó wù ú. Bí mo bá ti ka èyí ṣáájú ikú àbúrò mi, ẹrù ọdún méjì yẹn ì bá fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ lónìí kò ní láti lọ sí Íjíbítì. Ní Ewu, ní ilẹ̀ Ẹ̀ṣán ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Benedict wà tí wọ́n ti ń gbé láti ọdún 1979. Ìjọ Àgùdà ni tiwọn, àwa kì í ṣe Àgùdà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò ní ilé ẹnìkan. Agogo ni ó ń pè wọ́n láti òru títí di alẹ́ láti wá kọ Sáàmù. Láàárín àkókò wọ̀nyí, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń pa ẹnu mọ́. Ìlànà tí Benedict kọ ní ọ̀rúndún kẹfà, ní orí 36, ní kí ìtọ́jú aláìsàn ṣáájú ohun gbogbo, bí ẹni pé Kírísítì gan-an ni à ń ṣe é fún. Nínú ilé ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Fadá Anselm Adodo ti dá Pax Herbals sílẹ̀ ní ọdún 1996, níbi tí wọ́n ti ń ṣe egbòogi ilẹ̀ wa sínú ìgò àti páálí, pẹ̀lú òǹtẹ̀ NAFDAC lára rẹ̀. Ẹ ò rí i? Àgbo tí àwọn baba wa ní 1918 sá fún nítorí ẹbọ, àwọn alákẹ́jẹ́ wọ̀nyí mú ewé rẹ̀ láìmú ẹbọ rẹ̀.

Níhìn-ín ní Zaria ńkọ́? Ẹ gba ọ̀nà Wusasa lọ lọ́jọ́ kan tí ọjà kò bá yá. Dókítà Walter Miller, oníṣègùn tí ó jẹ́ míṣọ́nárì CMS, dé Zaria ní 1905, ó sì ń gbé inú odi ìlú títí di 1929, nígbà tí iṣẹ́ náà kó jáde lọ sí Wusasa. Ilé ìjọsìn St. Bartholomew tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, amọ̀ ni, bí àwọn Hausa ti ń kọ́ ilé. Ilé ìwòsàn St. Luke sì wà ní àdúgbò kan náà. Ọ̀sán gangan ni mo wọ inú ilé ìjọsìn yẹn nígbà àkọ́kọ́. Ògiri amọ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru àti ariwo fi kù sí ìta. Mo jókòó, mo sì ronú sí àwọn tí ó ti gba ilé ìwòsàn wá síbẹ̀ láti jókòó, àwọn tí ara wọn dá àti àwọn tí ara wọn kò dá. N kò gbàdúrà kankan tí mo lè rántí. Nígbà tí mo jáde, àpáta Kùfénà wà níwájú mi, mo sì rí i pé n kò bínú mọ́ sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ sí mi níbi ìsìnkú yẹn.

Ó ku bí a ti ń ṣe é. Ní Ọjọ́rú, a kì í wá sọ ìwòsàn di ohun tí à ń fi ipá gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run. A ó ka ìtàn kan nínú Ìhìnrere lẹ́ẹ̀kan, kí ohùn olùkàwé má yára. A ó dákẹ́. A ó tún ìtàn kan náà kà. Nígbà náà ni a ó dárúkọ àwọn aláìsàn, orúkọ nìkan, láìsọ ohun tí ó ṣe wọ́n, nítorí ẹnu kì í dúró níbi kan ní ìlú yìí. Àwọn àgbà ìjọ yóò fi òróró yàn ẹni tí ó bá fẹ́, gẹ́gẹ́ bí Jákọ́bù ti kọ́ wa. Lẹ́yìn èyí ni ìdajì wákàtí tí ó ń da àwọn ará láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ìdajì wákàtí yẹn. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, gbogbo gbèsè tí oníbàárà jẹ ọ́ yóò jókòó tì ọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò rántí fáìlì tí ó fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yóò bú sẹ́kún. Má ṣe bá wọn jà. Mú orúkọ aláìsàn kan ṣoṣo, kí o máa gbé e lọ síwájú Olúwa bí àwọn mẹ́rin inú Máàkù orí 2 ti gbé ọ̀rẹ́ wọn gba òrùlé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, a kò kọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ sílẹ̀. Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ó gbọ́ ọ. Bí ọkàn rẹ bá tún sá lọ sí ọjà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, sáà pè é padà. Bí o bá sùn, Ìyá Ìjọ wà níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń lo oògùn tí dókítà fún un, kí ó mú un wá pẹ̀lú rẹ̀, a ó sì dúpẹ́ lórí rẹ̀ kí ó tó lò ó. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, àwọn àgbà ìjọ ti fẹnu kò pé ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́rìí ìwòsàn yóò kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ, kì í ṣe láti dá ẹ̀rí rẹ̀ dúró, bí kò ṣe láti mọ̀ bóyá ìtọ́jú rẹ̀ ti parí. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò dùn sí èyí. Ẹ wá sọ ọ́ ní kíláàsì.

Àwọn ìbéèrè tí a ó jíròrò: Nínú Jòhánù orí 5, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó wà lẹ́bàá adágún náà, ẹnìkan ṣoṣo ni a sì kọ ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kí ni kí a sọ fún àwọn yòókù? Ìgbà wo ni ìdákẹ́jẹ́ wa jẹ́ àdúrà, ìgbà wo ni ó sì jẹ́ pé a kàn ń bẹ̀rù láti bèèrè? Bí ìwọ bá wà ní ipò ará wa tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ta ni nínú ìjọ yìí tí o lè sọ òtítọ́ fún?

Àwọn tí yóò bá wa lọ kí àwọn aláìsàn wa ní Ṣíkà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n pàdé níwájú ilé ìjọsìn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Kí ẹ má gbé ìlù dání. Kí obìnrin kan nínú yín rántí mú ògì lọ fún ìyàwó ará wa tí ó wà ní ibùsùn keje, nítorí láti ọjọ́ Ajé ni kò ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.